Owó Tí Bàbá Kò Rí Pààrọ̀: Àkọsílẹ̀ Àpótí Kan láti Sabon Gari

Ọyẹ́ ń jà gan-an lọ́jọ́ tí Alhája ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá wọn wo ẹrù kan ní ilé wọn ní Kubwa. Àwọn àti ìyàwó mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣèpàdé lóṣooṣù níbí l'Ábújá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́ pé ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kó owó bébà àtijọ́ jọ. Mo fẹ́ kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí àwọn ènìyàn kì í yé pè mí lórí irú nǹkan báyìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé wọ́n á ti ba owó náà jẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Obì gbàǹja ni bàbá Alhája ń tà ní Sabon Gari, Kano, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Obì á ti ìhà Agége àti Ṣágámù wọ ọkọ̀ ojú irin, á gúnlẹ̀ sí Kano, àwọn bàbá wọ̀nyí á gbà á, wọ́n á sì pín in fún àwọn Haúsá tó ń gbé e lọ sí òkè. Bàbá ti papò dà tipẹ́. Ọdún tó kọjá ni àwọn ọmọ wọn márààrún fẹnu kò láti ta ilé Kano, ìgbà tí wọ́n sì ń kó iyàrá bàbá ni wọ́n fa àpótí irin kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Ajórin ló bá wọn gé àgádágodo rẹ̀. Aṣọ òkè kan ló wà nínú rẹ̀, ìwé gbèsè mẹ́ta, àti owó tí wọ́n fi okùn dì.

A ka owó náà lórí tábìlì pálọ̀. Ẹyọ 53 ni. Ẹyọ 10 jẹ́ ti West African Currency Board, àjọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ lọ́dún 1912 láti máa pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia: oníṣílè ogún mẹ́fà, oníṣílè mẹ́wàá mẹ́rin. Ẹyọ 32 jẹ́ ara owó tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959: oníṣílè mẹ́wàá mẹ́sàn-án, oní-pọ́ùn kan méjìlélógún, àti oní-pọ́ùn márùn-ún kan ṣoṣo. Ọdún 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ná an, ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958 ni wọ́n tẹ̀ sí ara gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọjọ́ yẹn máa ń ṣì lọ́nà, wọ́n á rò pé ìgbà yẹn gan-an ni owó náà jáde. Mẹ́ta jẹ́ owó Biafra oní-pọ́ùn kan. Mẹ́jọ tó kù jẹ́ náírà: oní-náírà kan mẹ́fà, àti ogún náírà méjì tó ní àwòrán Murtala Muhammed, èyí tó jáde ní oṣù kejì ọdún 1977, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí ọdún kan tí wọ́n pa á.

Ọmọ ọmọ Alhája kan wà nílé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wá lo ìsinmi. Ó ti fi fóònù rẹ̀ ṣírò ohun gbogbo kí n tó jókòó. Bí a bá yọ ti Biafra àti náírà kúrò, pọ́ùn 39 àti ṣílè mẹ́wàá ni owó bàbá àgbà rẹ̀. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n kà sí náírà kan, pọ́ùn kan sì di náírà méjì. Ìyẹn ni pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ náírà 79. Owó yẹn kò ra búrẹ́dì lónìí. Ọmọ yìí kan náà sì tún ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹnìkan ta pọ́ùn kan ṣoṣo ní mílíọ̀nù náírà. Ọkàn rẹ̀ ń lọ sókè sódò láàárín méjèèjì.

Ẹnìkan ti wá ṣáájú mi. Ọkùnrin kan tó ń ra góòlù àti nǹkan àtijọ́ káàkiri ìgboro wá, ó wo àpótí náà, ó ní òun á san 20,000 náírà lórí gbogbo rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Mo béèrè lọ́wọ́ Alhája pé kí ló dé tí wọn ò fi gbà. Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, kò tilẹ̀ kà á. Ẹni tí kò ka owó kí ó tó dá iye lé e, ohun kan wà tó ti rí tí kò sọ." Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn oní-pọ́ùn kan. Mo rí i pé mẹ́jọ nínú wọn ń dán ju àwọn tó kù lọ, wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Àwọ̀ pupa wọn ti ṣá. Èyí kan nínú mẹ́jọ náà tilẹ̀ ti wọ inú ike, wọ́n ti lọ fi í sínú ẹ̀rọ tó ń ti rọ́bà mọ́ ìwé ẹ̀rí. Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n bá mi pa iná, mo sì yọ tọ́ọ̀ṣì mi jáde, èyí tó ní iná aláwọ̀ àlùkò tí àwọn agbowó ní báńkì fi ń dá ayédèrú mọ̀. Òwú ni wọ́n fi ń ṣe bébà owó, kì í ṣe igi bíi ti ìwé tí à ń kọ. Bébà owó tó dára kì í tàn lábẹ́ iná yìí, dúdú ni yóò rí. Mẹ́rìnlá dúdú. Mẹ́jọ tàn yòò, funfun tó ń ṣe bí búlúù, bí ẹ̀wù funfun ṣe máa ń tàn ní ilé ijó.

Ọmọ náà pariwo pé, "Ayédèrú ni?" Mo ní rárá, wọ́n fọ̀ wọ́n ni. Ọṣẹ ìfọṣọ tó wà lọ́jà ní èròjà kan tó ń mú kí aṣọ funfun mọ́lẹ̀ sí i, èròjà yìí máa ń wọ inú òwú, kò sì ní jáde mọ́. Ìgbà náà ni ọmọ náà tẹrí ba. Òun ni. Ó rí i pé owó bàbá àgbà dọ̀tí, ó ti mu òórùn obì àti ìdọ̀tí àpótí, ó wá fi ọṣẹ fọ mẹ́jọ, ó sá wọn, ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n. Ẹyọ kan tó rò pé ó dára jù ló mú lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní òpópónà wọn kí wọ́n bá a ti rọ́bà mọ́ ọn, kó má baà bàjẹ́ láé.

Mi ò bá a wí. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí ó fi ìka rẹ̀ mọ ohun tó sọnù. Mo mú ọ̀kan tí kò fọ̀, mo ní kó rọra fi èékánná fa ojú ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ orúkọ báńkì sí. Ó gbọ́ bí ó ṣe ń họ. Irin tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n ń fi yíǹkì sí, wọ́n á wá fi agbára tẹ bébà mọ́ ọn, ìyẹn ló jẹ́ kí yíǹkì wú díẹ̀ lójú owó. Nígbà tó fa ojú èyí tó lọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Áyọ́ọ̀nù ti pa á pọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ gbé e sókè sí iná ẹ ó rí i. Ẹni tó bá ń kó owó jọ yóò fi ọwọ́ kan èyí tó dọ̀tí tí kò sì sí ẹni tó dán nǹkan kan wò lára rẹ̀, yóò fi èyí tí wọ́n fọ̀ sílẹ̀. Èyí tó wọ rọ́bà ní tirẹ̀, kò sí ọ̀nà àbáyọ. Iná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, tí a bá ní ká bó o, ojú owó ló máa bá a jáde.

Mẹ́rìnlá ló kù nínú oní-pọ́ùn kan. Mo tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà wọn ṣe rí, àyà mi sì já: márùn-ún tẹ̀ léra wọn. Nọ́ńbà kan kò fo. Ìyẹn túmọ̀ sí pé láti ọwọ́ agbowó báńkì ni bàbá ti gbà wọ́n lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ò sì yà láti ọjọ́ náà. Ìká kan péré ló wà láàárín wọn. Irú èyí kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ ẹni ní Nàìjíríà, nítorí pé owó wa, à ń ná an ni.

Àwọn ti West African Currency Board ni Alhája fọkàn sí jù, nítorí àwọn ló dàgbà jù. Wọ́n ní àwọn rántí àwòrán odò àti igi ọ̀pẹ yẹn láti kékeré. Àmọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ti gbó. Kòkòrò ti jẹ etí mẹ́rin, méjì ya sí méjì tí ẹnìkan fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti pọ́n, ó ti gba inú bébà kọjá sí òdìkejì. Àwa tó ń kó owó jọ ní oríṣiríṣi ipò tí à ń to owó sí, láti UNC, ìyẹn èyí tí wọn kò ná rí tí wọn kò sì ká, títí dé èyí tó ya tó sì ní ihò. Owó kan náà, ọdún kan náà, tí ọ̀kan bá jẹ́ UNC tí èkejì sì ya, iye wọn lè jìnnà síra bí Kano ṣe jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kí wọ́n tọ́jú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nítorí ìrántí, kí wọ́n má retí owó kan pàtó lórí wọn.

Ti Biafra tún nira láti sọ. Àbúrò bàbá tó ṣe sójà ló mú mẹ́ta náà bọ̀ lẹ́yìn ogun. Wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n gan, ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn yóò rò pé àwọn ni ìṣúra àpótí náà. Oṣù kìíní ọdún 1968 ni Biafra bẹ̀rẹ̀ sí gbé owó tirẹ̀ jáde, nígbà tí Nàìjíríà ti yí tirẹ̀ padà tán. Nígbà tó yá wọ́n tẹ oríṣi mìíràn, títí dé oní-pọ́ùn mẹ́wàá. Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, owó náà kò ní ohun tí wọ́n lè fi rà mọ́, ṣùgbọ́n ìdì rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ná rí. Ìdí nìyẹn tí oní-pọ́ùn kan Biafra fi mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ìdí kan náà ló sì fi pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó owó jọ káàkiri ayé. Ká ní oní-pọ́ùn mẹ́wàá ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Mo rí i pé ojú Alhája rẹ̀wẹ̀sì.

Àwọn náírà kò gbà mí lákòókò. Mo wo nọ́ńbà wọn bóyá mo lè rí DZ níwájú ọ̀kan, àmì owó tí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé fi ń dípò èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, èyí tí àwa ń wá. Kò sí.

Oní-pọ́ùn márùn-ún ni mo fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Kò sí nínú ìdì. Inú ìwé gbèsè kejì ló wà, láàárín ewé ìwé méjì, ó tẹ́ sílẹ̀ láìsí ìká kankan, àfi igun kan tó tẹ̀ díẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, dúdú. Mo gbé e sókè sí iná, okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ wà níbẹ̀ gbọọrọ. Mo fi èékánná kàn án, ó họ. Mo ti ń kó owó jọ tipẹ́, mi ò tíì di irú rẹ̀ mú lọ́wọ́ ara mi rí ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Pọ́ùn márùn-ún kì í ṣe owó tí ènìyàn ń gbàgbé nígbà náà. Nígbàkúgbà tí ìjọba bá ní kí wọ́n wá pààrọ̀ owó, owó ńlá ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ gbé lọ, ìyẹn ló fi ṣọ̀wọ́n lónìí. Kí ló wá dé tí bàbá fi fi èyí sílẹ̀?

Mo wo ewé ìwé tí owó náà sùn lé. Pẹ́ńsù ni bàbá fi kọ ọ́, ní Yorùbá, láàárín orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè obì. Oṣù kejì ọdún 1968 ló kọ sí i. Mo kà á sókè: "Owó yìí kò rí pààrọ̀. Mo wà nílé nítorí ìsìnkú ìyá mi. Mo dé, wọ́n ní ó ti parí."

Pálọ̀ dákẹ́. Alhája nìkan ló lè sọ ìyókù. Ọmọ kékeré ni wọ́n nígbà náà, wọ́n rántí pé màmá àgbà kú, pé gbogbo ilé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, pé bàbá dúró títí wọ́n fi ṣe ogójì ọjọ́. Oṣù kìíní ọdún 1968 ni ìjọba Gowon yí owó padà nítorí ogun, kí owó tó wà lọ́wọ́ Biafra má baà wúlò mọ́. Àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ kò pé oṣù kan. Àpótí wà ní Kano, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní àpò bàbá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Owó ilẹ̀ ni. Bàbá ti ń tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ra ilẹ̀ sílé, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ̀ títí di òní ìdí tó fi jẹ́ pé ilé ìyá rẹ̀ ló ń wọ̀ sí nígbàkúgbà tó bá lọ sílé.

Wọ́n ní, "Ọdún 2023 ni mo tó mọ ohun tó ṣe bàbá mi." Wọ́n tò síwájú báńkì kan ní Kubwa ní oṣù kejì ọdún náà láti aago márùn-ún ìdájí, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún náírà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn mọ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi gbèdéke sí ọjọ́ 31 oṣù kìíní, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ní ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná. Ti bàbá kò rí ẹni bá a sún un.

Láti ìgbà yìí lọ, mi ò ka pọ́ùn márùn-ún àti ìwé gbèsè sí ohun méjì mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Owó náà nìkan, ẹni tó mọ ohun tó ń rà á san iye kan lórí rẹ̀ tó lè ju iye tí á san lórí gbogbo 52 yòókù lọ. Ṣùgbọ́n owó náà lórí ewé ìwé tí ẹni tó ni í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdí tí kò fi ráyè ná an sí, kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè rí èyí rà. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú ìwé náà, tí ìwé sì sọnù, kò sí ẹni tó lè dá a padà.

Lórí ìwé pélébé kan ni mo to gbogbo rẹ̀ sí bí wọ́n ṣe níyì tó. Pọ́ùn márùn-ún àti ìwé rẹ̀ ló ṣáájú, márùn-ún tó tẹ̀ léra tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn oní-pọ́ùn kan mẹ́sàn-án yòókù, oníṣílè mẹ́wàá mẹ́sàn-án, Biafra, ogún náírà méjì, ti West African Currency Board, oní-náírà kan mẹ́fà, àwọn tí wọ́n fọ̀ sì kẹ́yìn. Mi ò kọ iye náírà síwájú ọ̀kankan. Àwọn tó ń ra irú owó yìí gan-an, dọ́là tàbí pọ́ùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń san, iye tí mo bá sì kọ lónìí, ẹnìkan lè mú un jà ní ọdún méjì sí i.

Ọmọ náà ti ya àwòrán gbogbo wọn, ó ti fẹ́ gbé wọn sórí Facebook láti tà. Mo ní kó dúró. Apá 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn máa kiri owó náírà tàbí kó máa tà á, ó sì fi "owó mìíràn tí Báńkì náà bá gbé jáde" kún un. Ìjìyà rẹ̀ kò ní dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Gbogbo ayé mọ apá yìí nítorí owó títún tí wọ́n ń tà níwájú gbọ̀ngàn àríyá, ṣùgbọ́n ẹnu òfin náà gbòòrò. Mo ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àbúrò wọn tó jẹ́ lọ́yà ní Kaduna. Lọ́yà ní kí ẹnikẹ́ni má ta ohunkóhun, kí wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí ogún.

Kí ọjọ́ ìpín tó pé, mo mú àpò ike wá fún wọn. Kì í ṣe èyíkéyìí. Àwọn ike rírọ̀ tó ń rùn bíi báàgì tuntun máa ń làágùn bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, wọ́n á lẹ̀ mọ́ owó. Polyester ni ó dára, èyí tó le díẹ̀, tó mọ́ gaara tí kò sì ní òórùn. Kò sí rọ́bà ìdì, kò sí kílíìpù irin tó ń dípata. Inú kọ́bọ́ọ̀dù iyàrá ni kí wọ́n fi sí, kó jìnnà sí ògiri tó ń tutù lójò àti sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ nítorí ikán. Mo tún mú ọmọ náà lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé owó tó wà ní olú-iléeṣẹ́ Báńkì Àpapọ̀ ní àárín ìlú. Ó dúró pẹ́ níwájú owó ẹyọ, ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ìparí oṣù náà ni àwọn ọmọ bàbá márààrún pé sí Kubwa. Ẹnu wọn kò pẹ́ kò lórí pọ́ùn márùn-ún: òun àti ìwé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Alhája, tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí, nínú àpótí bàbá gan-an. Lórí márùn-ún tó tẹ̀ léra ni èmi àti wọn ti bá ara wa fa ọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má yà wọ́n. Mo ní ìtẹ̀léra wọn ló jẹ́ kí wọ́n níyì, tí wọ́n bá túká, wọ́n á dà bí àwọn yòókù. Alhája gbọ́ mi títí mo fi parí. Wọ́n wá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n márùn-ún ni wá."

Mi ò rí èsì fọ̀ sí i. Wọ́n mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà dé orí ọmọdé, nọ́ńbà tó kéré jù lọ́wọ́ Alhája, èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àbíkẹ́yìn wọn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n fi ìwé kékeré kan sínú ike ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ nọ́ńbà mẹ́rin yòókù sí i, kí ẹni tó bá rí ọ̀kan lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀ pé ó ní ìyekan.

Mẹ́jọ tí wọ́n fọ̀ ló kù lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí wọn, ọmọ náà sì tún ti ń wo ilẹ̀. Àbíkẹ́yìn ló dìde, ó kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ, ó fi èyí tó wọ rọ́bà sórí wọn. "Ẹ fún mi ní tèmi jàre," ó ní. "Bó tiẹ̀ ń rùn ọṣẹ, owó ilẹ̀ bàbá mi ni." Ó wé wọn sínú aṣọ òkè inú àpótí náà, ó fi wọ́n sí báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ náà bá òun gbé e dé ìdí ọkọ̀.